Kí O Tó Bọ́ Sódò, Béèrè Òjò Àná

Níbi tiwa, ìgbà tí tísà láyè láti rìn kiri gan-an ni òjò máa ń rọ̀ jù. Bí ilé ìwé bá ti gba ọlidé gígùn ní ìparí oṣù keje, ilẹ̀ ti mu omi yó, ewé sì ti bo gbogbo ọ̀nà oko. Mo máa ń gbọ́ tí àwọn ará wa tó wà lókè òkun ń sọ pé ìgbà ooru ni àwọn ń lọ ṣeré létí odò. Ooru tiwa ní Òṣogbo, oṣù kejì àti oṣù kẹta ló máa ń mú jù, ìgbà yẹn sì ni ọ̀pọ̀ odò kéékèèké ti gbẹ, tí omi orí àpáta kò ju kó máa kán tó, tó lọ. Ẹni tó bá fẹ́ rí odò orí òkè nígbà tó níyì, kó yáa gbà pé òun àti òjò ni wọn yóò jọ máa rìn.

Òjò náà kì í sì í rọ̀ dọ́gba. Ó máa ń le ní oṣù kẹfà àti ìkeje, á sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, á tún gbérasọ ní ìkẹsàn-án àti ìkẹwàá. Ìsinmi inú oṣù kẹjọ yẹn, tí gbogbo wa ń pè ní August break, ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi tó ní Mícrà máa ń lò. Ìrìn àárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́ ni tiwa. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, a ti kúrò ní Òkè-Fìà. Bí ọ̀sán bá ti pọ́n, a ti kọjú sílé, torí pé òjò ìhà wa fẹ́ràn ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́. A kì í sun òtẹ́ẹ̀lì. Oúnjẹ, ojú ọ̀nà la ti ń rà á: àgbàdo sísun àti àgbọn, tàbí iyán ní Iléṣà bí ebi bá pa wá débẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn ará Òṣogbo kan yóò bínú sí mi, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ iyán, ẹ jẹ́ kí á fi ti Ìjẹ̀ṣà sílẹ̀ fún wọn.

Ọ̀nà tí a kọ́kọ́ mọ̀ dunjú ni ti Erin-Ìjẹ̀ṣà. Láti Òṣogbo, a ó gba Iléṣà kọjá, a ó sì tẹ̀ síwájú lójú títì tó ń lọ sí Adó-Èkìtì. Kí o tó dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, wàá ti máa rí òkè gígùn náà tó na tàntàn níwájú rẹ. Ibẹ̀ ni omi Olúmirìn ti ń já láti orí àpáta, ní ìpele méje. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kọjá ìpele kìíní tàbí ìkejì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ya fọ́tò, tí wọ́n ń pariwo, tí wọ́n sì ń yí padà. Àwọn tó bá lágbára láti gùn ún dé òkè pátápátá, ilẹ̀ Èkìtì ni wọ́n máa ń bọ́ sí, láìwọ mọ́tò.

Òkúta tó gbé omi náà ró ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní quartzite. Ó le koko, àwọ̀ rẹ̀ sún mọ́ funfun, omi kì í sì í tètè jẹ ẹ́. Nítorí pé òkúta náà kò ní amọ̀ púpọ̀ lára, tí igbó sì ṣì bo ẹ̀gbẹ́ òkè, omi ibẹ̀ máa ń mọ́ débi pé wàá rí òkúta wẹẹrẹ nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Mo ń padà bọ̀ wá sórí ọ̀rọ̀ àwọ̀ omi.

Erin-Ìjẹ̀ṣà yìí náà ni mo ti mọ̀ pé ojú ọ̀run tó wà lórí rẹ kò fi bẹ́ẹ̀ kan odò tó wà níwájú rẹ. Oòrùn ń ràn yòò lọ́jọ́ náà. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá wa lọ, wọ́n sì ti bọ́ bàtà. Ọmọkùnrin ìlú náà tó ń mú àlejò gòkè ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì jẹ́ kí àwọn ọmọ wọ omi o. Òjò rọ̀ lórí òkè lánàá, ó sì ti tún ń ṣú níbẹ̀ láàárọ̀ yìí."

Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín. "Òjò àná? Òjò àná ti lọ."

"Òjò àná kò lọ, bọ̀ọ̀dá. Ilẹ̀ ló mu ún. Ilẹ̀ tó bá ti mu yó, èyí tó bá tún rọ̀ sí i, odò ni yóò dà á sí."

Mo ti kọ́ ọmọ ilé ìwé ní ọ̀rọ̀ omi òjò àti ilẹ̀ tipẹ́, n kò gbọ́ ọ kó ṣe ṣókí tó bẹ́ẹ̀ rí. A jókòó. Ewé gbígbẹ àti èèpo igi ló kọ́kọ́ dé, wẹ́wẹ́, lójú omi tó ṣì mọ́. Lẹ́yìn náà ni àwọ̀ omi yí padà, ó pọ́n díẹ̀. Ariwo rẹ̀ ti kúrò ní ṣààà, ó di gbùùù, afẹ́fẹ́ tútù kan sì ń ti ibi omi bọ̀ lójú wa. Kí a tó jẹ àgbàdo ọwọ́ wa tán, àpáta tí àwọn kan ti jókòó lé láàárọ̀ ti rì. Kò sí ẹ̀kán òjò kan tó kán sí wa lára. Oòrùn ṣì ń ràn.

Láti ìgbà náà, kí n tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ odò orí òkè, mo máa ń béèrè òjò àná, mo sì máa ń béèrè apá ibi tí omi ti ń bọ̀. Ẹni tó ń ta nǹkan lẹ́nu ọ̀nà mọ̀ ọ́n ju ẹ̀rọ ojú ọjọ́ orí fóònù mi lọ, torí pé fóònù ń sọ fún mi bóyá òjò yóò pa mí ni, kò sọ bóyá odò yóò gbé mi. Bí mo bá sì ti rí ewé tuntun tó ń ṣàn lójú omi tó mọ́, mo ti dìde, n kì í dúró de kí àwọ̀ yí. Ẹ má sì jókòó sí àárín odò lórí àpáta tí omi yí ká, bó ti wù kó dára tó fún fọ́tò. Bí omi bá kún, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló máa ń kún lẹ́ẹ̀kan náà.

Ti bàtà kò gùn. Bàtà rọ́bà tí àgbẹ̀ ń wọ̀ lọ sóko dára ju kánfáàsì olówó iyebíye lọ lórí àpáta tútù, ó sì ń gbẹ kíákíá. Sílípáàsì, ẹ fi sílé.

Ohun tó ń rú àlejò lójú ni pé omi tó ń sáré àti omi tó dúró, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ewu wọn. Ọ̀pọ̀ òbí ń bẹ̀rù omi tó ń já, wọ́n á wá fi ọmọ sílẹ̀ kó máa ṣeré nínú omi tó dúró pẹ̀lẹ́ létí adágún tàbí dáàmù, torí pé ibẹ̀ kò jìn. Inú irú omi pẹ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ìgbín kéékèèké tó ń gbé àtọ̀sí ajá kiri ti ń gbé. Kòkòrò àrùn náà ń gba ara awọ wọlé, kò nílò kí o mu omi. Bí ó bá pẹ́, ọmọ yóò máa tọ ẹ̀jẹ̀. Omi tó ń sáré kò fẹ́ràn ìgbín, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn eṣinṣin dúdú kékeré kan tó ń yé ẹyin sára òkúta àti ewé tí omi ń kọlù. Ọ̀sán ló máa ń bù èèyàn jẹ. Àwọn tó bá bù jẹ léraléra fún ọ̀pọ̀ ọdún lè ní àrùn awọ àti àrùn ojú tó ń fọ́ni lójú, ìdí rẹ̀ nìyí tí wọ́n fi ń pín oògùn ivermectin lọ́fẹ̀ẹ́ ní àwọn abúlé etí odò. Ẹni tó lọ fún ọjọ́ kan kò ní torí ẹ̀ fọ́jú. Ṣókótó gígùn kò sáà ṣòro láti wọ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi máa ń kùn sí mi nípa ṣókótó yìí, kí wọ́n máa kùn lọ.

Ní ti ọ̀nà, ti Ìbòkun ni mo fẹ́ràn jù. Òṣogbo sí Ìbòkun, Ìbòkun sí Ẹ̀sà-Òkè, Ẹ̀sà-Òkè sí Ìmẹ̀sí-Ilé. Ilẹ̀ á máa gòkè díẹ̀díẹ̀, òkè á yọ sí ọ̀tún, á yọ sí òsì, kókó á bo ọ̀nà, wàá sì máa gba orí afárá kékeré tí orúkọ odò abẹ́ rẹ̀ kò sí lára pátákó kankan. Ìyẹn ni mo ṣe máa ń dúró béèrè. Gbogbo odò wọ̀nyẹn ló ní orúkọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló ní èèwọ̀: níbì kan wọn kì í pa ẹja, níbòmíràn wọn kì í fi ìkòkò dúdú pọn omi. Bí o bá béèrè orúkọ kí o tó bọ́ sínú omi, àwọn onílùú yóò mọ̀ pé o ti ilé rere wá, wọn yóò sì sọ ohun tí o kò béèrè fún ọ.

Google Maps mọ títì, kò mọ ẹrẹ̀. Ó ti fi ọ̀nà han wá rí lápá Ìmẹ̀sí-Ilé, tó ní yóò gé ìrìn wa kúrú. Ilẹ̀ pupa ni, ó sì fẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. A bá ìyá àgbàlagbà kan tó ń ti oko bọ̀ pẹ̀lú agbọ̀n lórí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá. Ṣé ọ̀nà yìí yọ sí Ìgbájọ?"

"Ó yọ, ọmọ mi."

"Ṣé mọ́tò lè gbà á?"

"Mọ́tò ń gbà á."

Ọ̀rẹ́ mi ti fẹ́ ṣí iná ọkọ̀. Mo ní kó dúró ná. "Ìyá, mọ́tò wo ló gbà á kẹ́yìn?"

"Ẹ̀ẹ́n." Ó sọ agbọ̀n rẹ̀ kalẹ̀. "Agbégilódò ni. Ó ṣì wà níbẹ̀ láti ijẹta. Ilẹ̀ ti gbé taya rẹ̀ mì."

Ìyá náà kò purọ́ fún wa. Ohun tí a bi í ló dáhùn. Ní ìgbèríko wa, bí o bá bi àgbàlagbà pé ṣé ọ̀nà wà, yóò ní ó wà, torí pé lóòótọ́ ló wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló sì fi ń gbà á láti kékeré. Béèrè ohun tó gbà á kẹ́yìn, àti ìgbà wo. Béèrè lọ́wọ́ ọlọ́kadà bí afárá bá wà, àti bóyá igi ni tàbí kọnkéré. Ọlọ́kadà kì í gbàgbé afárá tó ti gbé e ṣubú. Nígbà mìíràn, a máa ń fi Mícrà sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan nínú ìlú, a ó ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa, a ó wá gun ọ̀kadà wọ inú oko. Ó dínwó ju kí a máa wá ẹni tí yóò fà wá jáde nínú ẹrẹ̀ lọ.

Ìbéèrè kan tún wà tí kò sí lẹ́nu wa nígbà tí a wà lọ́mọdé: ṣé ọ̀nà náà dára? Gbogbo èèyàn mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí báyìí. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní ọdún 2020, àwọn la máa ń bi, wọn kì í sì í fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Bí wọ́n bá ní kí a má lọ, a kì í lọ. Bí wọ́n bá ní kí a lọ kí a tètè padà, a mọ̀ pé kí oòrùn tó wọ̀ ni wọ́n ń sọ. Bí ọkàn ẹnikẹ́ni nínú wa bá ń ṣe kámikàmì, ilé yá.

A padà dé Ìgbájọ lọ́nà tó dára, láti apá Ìkirun àti Ìréé. Ohun tí mo fẹ́ rí níbẹ̀ ni ilẹ̀ tó wà láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi tí ogun Kírìjì ti jà. 1877 sí 1893 ni ogun náà, ọ̀pọ̀ wa ló ti kọ́ ọ nínú ìwé pẹ̀lú orúkọ Látòóṣà àti Ògèdèǹgbé. Àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn pàgọ́ lápá Ìgbájọ, ti Èkìtì Parapọ̀ lápá Ìmẹ̀sí-Ilé; wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní 1886, síbẹ̀ ó tó ọdún méje sí i kí àwọn ọmọ ogun tó tú àgọ́ ká. Nínú ìwé, n kò lóye ìdí tí ogun kan yóò fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láìsí pé ẹnì kan lé ẹnì kejì. Dúró lórí òkè níbẹ̀, wàá lóye. Òkè dojú kọ òkè, àfonífojì wà láàárín. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ láti lọ kọlu ọ̀tá rẹ̀, ọ̀tá ti rí i tipẹ́, yóò sì tún gun òkè pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́. Bí mo bá lágbára, gbogbo ọmọ tó ń kọ́ ìtàn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni ǹ bá kó lọ síbẹ̀ kí wọ́n tó ṣí ìwé.

Ó tó àkókò kí n padà sórí ọ̀rọ̀ àwọ̀ omi.

Ìpìlẹ̀ odò Ọ̀ṣun wà ní Ìgèdè, ní ilẹ̀ Èkìtì. Ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó sì ń lọ títí dé ọ̀sà lápá Lẹ́kí. Ní ọ̀nà yẹn, omi tó ń ti òkè Ìjẹ̀ṣà sọ̀ kalẹ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa, inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń dà sí. Mo ti rí omi náà lórí àpáta nígbà tó mọ́ gaara. Mo tún ń rí Ọ̀ṣun ní Òṣogbo níbí, abẹ́ afárá, pẹ̀lú àwọ̀ pupa rúsúrúsú tó ti ní láti bí ọdún mélòó kan. Ará ìlú máa ń sọ pé òjò ni. Bí ẹni tó ń rìn kiri odò, mo lè sọ pé kì í ṣe òjò nìkan.

Pípọ́n tí òjò ń pọ́n omi kì í pẹ́. Bí òjò bá dá fún ọjọ́ díẹ̀, yóò silẹ̀. Bó bá di ìgbà ọyẹ́, tí òjò ti dá fún oṣù kan sí méjì, odò orí òkè á kéré, á sì mọ́. Èyí tó bá pọ́n nínú oṣù kìíní, tí eruku ń fẹ́, tí kò sí ẹ̀kán òjò, ẹnì kan ló ń pọ́n ọn. A ti gba ọ̀nà ẹ̀yìn Iléṣà lọ sápá Ìtàgúnmodì, a sì rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wúrà wà nínú ilẹ̀ yẹn, láti ayé òyìnbó ni wọ́n ti ń wà á. Wọ́n á hú etí odò, wọ́n á fi ẹ̀rọ fa omi lu ilẹ̀ tí wọ́n hú, wúrà tó wúwo á dúró nísàlẹ̀, ẹrẹ̀ á sì ṣàn padà sínú odò. Odò kékeré á gbé e fún odò ńlá. Ewu rẹ̀ sì ju ti ẹrẹ̀ lọ, torí pé ilẹ̀ tí wọ́n bá hú lè tú òjé àti àwọn nǹkan mìíràn sílẹ̀ sínú omi, àwọn awakùsà kékeré sì máa ń fi mákúrì kó wúrà jọ. Ní 2022, kí ọdún Ọ̀ṣun tó dé, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ pé kí àwọn èèyàn má mu omi odò náà. Omi tí àwọn ìyá wa ń bù lọ fi wẹ ọmọ nìyẹn o.

N kì í ṣe olórìṣà, ṣùgbọ́n ọmọ Òṣogbo ni mí. Ìtàn wa sọ pé omi ni Láróòyè àti Tìmẹ́hìn ń wá tí wọ́n fi kúrò ní Ìpólé, tí wọ́n sì tẹ̀dó sétí Ọ̀ṣun. Ó tún sọ pé wọn kò pẹ́ níbẹ̀ tí odò fi ń kún bò wọ́n, tí wọ́n fi gòkè wá síbi tí ìlú wà lónìí. Àwọn náà mọ òjò àná. Ibi tí wọ́n kúrò yẹn ló di igbó Ọ̀ṣun, tí Àdùnní Olórìṣà (Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà òyìnbó nì) àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ gbà lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ gé e, tí UNESCO sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ogún àgbáyé ní 2005. Èèwọ̀ ni láti dẹ ìgbẹ́ tàbí pa ẹja níbẹ̀, igi rẹ̀ sì dúró digbí. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ inú igbó wa kò dé ibi tí wọ́n ti ń hú odò lókè. Ògiri tí wọ́n mọ yí igbó ká kò lè dá omi dúró, a lè gbá igbó náà mọ́ títí, ohun tí wọ́n bá dà sílẹ̀ lókè odò ni yóò máa gba iwájú ojúbọ kọjá.

Ó ku Ìgèdè tí a kò tíì dé. Mo fẹ́ fi ìgò rọ́bà gba omi ní ìpìlẹ̀ Ọ̀ṣun, kí n gba òmíràn lábẹ́ afárá wa lọ́jọ́ kan náà, kí n sì gbé méjèèjì sórí tábìlì nínú kíláàsì mi láìsọ ohunkóhun. Oṣù kejìlá la fi sí, nígbà tí òjò bá ti lọ pátápátá, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ fún àwọn ọmọ pé òjò ló fà á. Ọ̀rẹ́ mi ti gbà láti wà wá lọ. Epo ọkọ̀, ó ní èmi ni màá rà á.